Ipò mẹ́ta, ẹgbẹ́ márùn-ún, orí kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìyàrà ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́kọ́ja. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Okun (àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí), èmi náà ni aṣojú kíláàsì. Mo tún ń kọrin ní fẹ́lóṣíìpù, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ ìròyìn ọgbà. Nígbà tí mo parí ọdún kìíní, 4.20 ni CGPA mi (ìpíndọ́gba èsì gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, lórí 5.00). Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, 2.80 ni mo mú, gbogbo ẹ̀ wá di 3.73. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́, mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, orin tí mo fẹ́ràn pàápàá ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Tí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á ní mo já àwọn jù sílẹ̀. Màmá mi ò tíì gbọ́ nípa èsì náà. Ṣé kí n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n dojú kọ ìwé ni, àbí èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò àkókò?

ÌDÁHÙN: Okun o, ọmọ mi.

Kí n tètè dá ọ lóhùn, kí oorun tó gbé ọ lọ: má fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ fi ipò méjì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí àsìkò yìí, kí o sì dá ìròyìn kíkọ dúró títí ọdún á fi yí. Ẹgbẹ́ kọ́ ló ń pa ìwé rẹ lára, ipò ni. Ènìyàn lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ráyè wá sípàdé lónìí á ní òun ò wá, ọ̀rọ̀ parí. Akọ̀wé ni kò gbọdọ̀ má wá, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé wà. Akápò tí kò gbé fóònù fún ọjọ́ méjì, wọ́n á ti máa sọ ọ́ káàkiri pé ó ti ná owó. Orí ìwọ nìkan ni irú ẹrù yìí mẹ́ta wà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ lè pín in láàárín ara yín níbẹ̀ á tó igba ènìyàn.

Ìwọ̀nyí ni mo ń rí ní ọ́fíìsì mi láti ogún ọdún ó lé tí mo ti ń ṣe olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń wọlé wá bá mi pẹ̀lú ojú pípọ́n kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í dé ipò. Ọmọ tó ń dáhùn ìpè, tó ń kọ̀wé tó ṣeé kà, tí kì í purọ́ owó, òun ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹnu yà mí pé o lè bi mí bóyá o ò mọ ètò ṣe. Ẹni tí kò mọ ètò ṣe, ta ni yóò gbé owó ẹgbẹ́ fún un?

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí mo fura pé 3.73 yẹn ti fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì wà nínú Second Class Upper, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. O sọ nínú lẹ́tà rẹ, níbi tí mo gé kúrò lókè yẹn, pé 20 yúníìtì lo máa ń ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Ọdún kìíní, 40 yúníìtì lọ́nà 4.20, máàkì 168. Sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, 20 yúníìtì, máàkì 56. Àpapọ̀ rẹ̀ 224, pín in sí ọ̀nà 60, ó jẹ́ 3.73. Tí sẹ̀mẹ́sítà yìí náà bá tún jẹ́ 2.80, àpapọ̀ á di 280 lórí 80, ìyẹn 3.50 gééré, ẹsẹ̀ rẹ á wà lórí bèbè. Ẹsẹ̀ kan péré tó bá tún yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, o ti wà ní Second Class Lower.

Ìyẹn tiẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kí o wò. Wo ohun tí ó máa ná ọ láti padà síbi tí o wà tẹ́lẹ̀. Tí kọ́ọ̀sì rẹ bá jẹ́ 160 yúníìtì lápapọ̀, 100 ló kù. Kí CGPA rẹ tó lè padà sí 4.20, o gbọ́dọ̀ máa mú 4.48 ní sẹ̀mẹ́sítà márààrún tó kù, láìyẹsẹ̀. First Class tí o ní lọ́kàn nígbà tí o wọlé, 4.50 ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀; láti ibi tí o wà yìí, 4.96 ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, ìyẹn ni pé A ní gbogbo kọ́ọ̀sì àfi bí ẹyọ kan tàbí méjì. Sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo ló ṣe èyí, ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ẹ̀kọ́ rẹ. Bí 2.80 yẹn ṣe wálẹ̀ kò tó oṣù mẹ́rin, ó sì máa gbà ọ́ tó ọdún méjì ààbọ̀ láti gbé e sókè padà.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń pè ọ́, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí yóò ṣe ìṣirò yìí fún ọ, ni mo fi ṣe é.

Ní báyìí, Ọjọ́bọ̀ rẹ. Lẹ́tà rẹ gùn, mo gé e kúrú lókè yẹn, àmọ́ ibi tí o ti to Ọjọ́bọ̀ kan sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé òru ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agogo márùn-ún ààbọ̀, o pọn omi. Agogo méje, o wọ kéke láti Adánkọ́lọ́ lọ sí Fẹ́lẹ́lẹ́. Olùkọ́ ti agogo mẹ́jọ pè ọ́ pé òun ò wá, kí o sọ fún kíláàsì pé ó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì, o tẹ àtẹ̀jáde, o sì dá ènìyàn mọ́kànlélógún lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé wọn ò ka èyí tí o kọ sókè. Agogo mọ́kànlá sí ọ̀kan, o wà ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù ẹgbẹ́ ló wà lórí itan rẹ, ò ń sàmì sí orúkọ àwọn tó ti san. Agogo méjì, o lọ gba ìbuwọ́lù ní ọ́fíìsì ẹ̀ka, o dúró wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n ní ọ̀gá ti jáde. Agogo mẹ́rin, kíláàsì. Agogo mẹ́fà, ìdánrawò orin. Agogo mẹ́sàn-án, bisikíìtì àti omi píọ̀. Lẹ́yìn náà, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù, ẹni méjì ń jà lórí ₦3,500 tí ẹnìkan ní òun san tí ẹnìkejì ní kò san. Agogo méjìlá, o ṣí ìwé. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ìwé méjì lo kà, o sì jí láàárọ̀ pẹ̀lú tàdáwà bírò lórí ìrọ̀rí.

Mo fi bírò pupa tẹ̀lé e. Wákàtí tí o kọ pé o wà ní kíláàsì jẹ́ mẹ́rin. Èyí tí etí rẹ wà níbẹ̀ ò ju méjì lọ. Ohun tí ipò máa ń jẹ nìyẹn, kì í jẹ wákàtí ìpàdé nìkan. Ó máa ń jẹ wákàtí tí ènìyàn rò pé òun fi kàwé. Ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìjà ₦3,500 kì í balẹ̀ sórí ìwé lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì máa wà níbẹ̀ tí yóò máa bá wọn jà, ojú nìkan ni yóò wà lórí ìwé.

Ká tún ka wákàtí ọ̀sẹ̀ náà. 168 ni. Oorun wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ gba 56. Kọ́ọ̀sì 20 yúníìtì jẹ́ bí wákàtí 20 ní kíláàsì lọ́sẹ̀, ìlànà tí a sì ń bá yín sọ ni pé kí ẹ ka wákàtí méjì fúnra yín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 40. (Mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú yín ló ń ka 40. Àmọ́ ẹni tó ń wá 4.48 gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.) Omi pípọn, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti kéke, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 28. Ìsìn Sunday, 4. Ohun tó kù ni 20. Ìwọ fúnra rẹ ka wákàtí àwọn ẹgbẹ́ rẹ: akọrin 7, akápò 9, akọ̀wé 6, aṣojú kíláàsì 7, ìròyìn 4. Ó jẹ́ 33. Kò sí ètò àkókò tó lè sọ 20 di 33. Ìwé atọ́nà tí o rà pé yóò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lo àkókò, dá a padà fún ẹni tó tà á fún ọ. Wákàtí 13 tó lé yẹn, inú oorun rẹ àti inú ìwé rẹ lo ti ń yá a.

Ewu kan tún wà tí kò hàn nínú ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kì í dọ́gba. Ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà, gbogbo nǹkan máa ń rọrùn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń wá bẹ ènìyàn kó gba ipò. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ á dé, ọjọ́ àṣà á dé, fẹ́lóṣíìpù á fẹ́ ṣe ìdágbére fún àwọn tó ń jáde, ìdìbò á dé, àwọn olùkọ́ náà á sì rántí pé àwọn ò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ìyanṣẹ́lódì bá wá wáyé, ó tún burú jùyẹn lọ. Èyí tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ṣe ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, nígbà tí wọ́n sì wọlé padà, kalẹ́ńdà ti fún pọ̀ débi pé ẹni tó bá ní ipò méjì ò rí ibi mí.

Rántí òfin pé o gbọ́dọ̀ wà ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kí o tó ṣe ìdánwò. Kọ́ọ̀sì tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, tí o bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, 11 lo kù sí, ìyẹn ìdá 73. Olùkọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀lé ìwé lè ní o ò ní jókòó sínú ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o bá wọn lọ sí Kàbà lọ́jọ́ Ẹtì ti jẹ ọ̀kan níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Kàbà yẹn díẹ̀, torí mi ò rò pé ọ̀rọ̀ rẹ lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Àwa ará Okun ò pọ̀. Tí a bá wà ní Lọ́kọ́ja, ọmọ Ìyàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú, ọmọ Ọ̀wẹ́, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo wa la mọ ara wa. Ààrẹ ẹgbẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ mọ bàbá rẹ. Àwọn tó ń pè ọ́, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń jẹ́ fún ọ. Wọn kì í bi ọ́ bóyá o lè ṣe é, wọ́n á ní, “Ọmọ wa ni, á ṣe é.” Ta ló fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Tí o bá dé Ìyàrà ní ìsinmi, ẹni tí o kọ̀ fún á ti dé ilé ṣáájú rẹ, ìyá rẹ á sì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti ń gbé ara ga ní Lọ́kọ́ja. Nítorí náà o gorí mọ́tò, ẹ gba ọ̀nà Ọ̀bájánà láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, o lọ gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àgbà kan tó ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọ́n máa ń pa òwe fún irú rẹ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mi ò ní pa á fún ọ. O ò lé eku kankan. Àwọn ló kó eku tiwọn dání wá, tí wọ́n ní kí o bá àwọn di ìrù rẹ̀ mú, àwọn ń bọ̀.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ọdún kẹta mi ni. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìlú wa fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn, wọ́n ní èmi ni olóòtú, kí n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì, n ó padà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni mo ní tẹ́ẹ̀sì sitatísíìsì, máàkì 15. Atẹ̀wé ní iná kò sí, ó di Àìkú ìrọ̀lẹ́ kó tó kó ìwé fún mi. Mọ́tò kú lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí ìwé ìròyìn lórí, olùkọ́ náà wò mí, ó wo páálí, kò sọ nǹkan kan. Odo ni mo ní. Ìdánwò dé, àpapọ̀ máàkì mi jẹ́ 38. Káríófà. Ọdún tó tẹ̀lé e, mo jókòó pẹ̀lú àwọn àbúrò, ọ̀kan nínú wọn ń pè mí ní àǹtí nínú kíláàsì.

Ìwé ìròyìn náà ńkọ́? Ojú ìwé mẹ́jọ. A ṣi orúkọ alága kọ, ó sì bínú gan-an sí mi. Kò sí ẹni tó béèrè nípa tẹ́ẹ̀sì. Kí wọ́n ṣe béèrè? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ní tẹ́ẹ̀sì. Ìyẹn ló dùn mí jù títí di òní. Tí mo bá sọ ọ́ ni, bóyá ẹlòmíràn ì bá ti lọ. Ṣé ìwọ ti sọ fún wọn pé CGPA rẹ wálẹ̀? Mo gbójú lé e pé o ò tíì sọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí wọ́n á sọ fún ọ pé kí o fi gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìwé lo wá kà. Mi ò bá wọn lọ. Alexander Astin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1984, ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ara àti àkókò rẹ̀ sí nílé ẹ̀kọ́ ló máa ń jèrè níbẹ̀, àtinú kíláàsì àti òde rẹ̀. Òun náà ló sì tẹnu mọ́ ọn pé àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ní òpin. Mo ti rí ọmọ tó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, tó ń ti kíláàsì lọ sí yàrá, yàrá sí kíláàsì. Sẹ̀mẹ́sítà kejì, kò ní ẹni tó lè yá a ní háńdáòtù, ìdákẹ́jẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ ju ariwo lọ. Èmi fúnra mi, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí, torí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ni. Ẹgbẹ́ ló kọ́ mi. Àmọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kọ́ mi, àwọn yòókù kàn fún mi ní ìwé ẹ̀rí olómi wúrà ni. Mẹ́rin ló wà nínú àpótí mi. Eku ti jẹ ọ̀kan.

Nítorí náà, akọ̀wé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni kí o di mú. Ìpàdé rẹ̀ níye, ọgbà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwé kíkọ tí yóò bá ọ dé ibi iṣẹ́ ló sì ń kọ́ ọ. Akọrin, dúró síbẹ̀, mo máa padà sí i.

Akápò ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Òun ló ń jẹ wákàtí jù, òun ló ń gbé ọ rìn jù, òun nìkan ni àṣìṣe rẹ̀ sì lè ba orúkọ jẹ́ títí dé ilé. Ẹni tí kò sùn kò gbọdọ̀ máa ka owó olówó. Aṣojú kíláàsì ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ á sọ fún ọ pé kí o dì í mú, torí olùkọ́ á mọ orúkọ rẹ. Òótọ́ ni. Olùkọ́ tó mọ orúkọ rẹ náà ló máa ń pè ọ́ lágogo mẹ́wàá alẹ́ pé kí o wá gba háńdáòtù. Ẹnikẹ́ni tó ní dátà lè ṣe é, kò gba ọgbọ́n kan. Ìròyìn, sọ fún wọn pé o ń sinmi, tí ọkàn rẹ bá sì fẹ́ kọ nǹkan lọ́jọ́ kan, kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fi ipò sílẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ tó dáa ti máa ń ṣe é burú. Wọ́n á kàn dákẹ́. Wọn ò ní gbé fóònù mọ́, wọn ò ní wá sípàdé, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á jáde kúrò lórí WhatsApp lóru. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ìjánijù, wọ́n sì jàre.

Ìwọ, kọ́kọ́ ka owó. Ìwé owó wíwọlé, ìwé owó jíjáde, àkọsílẹ̀ báńkì, gbogbo ìwé ẹ̀rí tí o gbà lọ́wọ́ àwọn tó ta nǹkan fún yín, to wọ́n sínú fáìlì kan. Tí owó ẹgbẹ́ bá wà nínú àkáǹtì tìrẹ fúnra rẹ, bí ọ̀pọ̀ akápò ṣe máa ń ṣe, gbé e kúrò níbẹ̀ kí o tó sọ ohunkóhun, sí ibi tí ẹni méjì ti máa ń buwọ́ lùwé. ₦3,500 tí wọ́n ń jà lé lórí yẹn, kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé a ò tíì yanjú rẹ̀. Má fi owó ara rẹ dí i. Mo mọ̀ pé o ti rò ó.

Lẹ́yìn náà lọ bá ààrẹ yín fúnra rẹ, lójúkojú, kí lẹ́tà tó dé. Kúnlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí o máa ń kúnlẹ̀ fún. Sọ òótọ́ fún un, àti èsì náà. Lẹ́tà ò gbọdọ̀ gùn:

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ètò ẹgbẹ́. Èsì ìdánwò mi wálẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, àárẹ̀ sì mú mi. Mo fi ipò akápò sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Fáìlì owó ti pé, mo ṣetán láti kà á níṣojú ẹ̀yin àti ayẹ̀wé-owó-wò lọ́jọ́ tí ẹ bá mú kí ọjọ́ náà tó pé. Ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ni mí, n ó máa san owó oṣù mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán mi.”

Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Wọ́n á ní, “Jọ̀ọ́, bá wa ṣe é títí ọjọ́ àṣà á fi kọjá, kò ní pẹ́.” Ó máa ń pẹ́. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa èrò ọkàn ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1979 pé àwa ẹ̀dá kì í wo iṣẹ́ tó wà níwájú wa bó ṣe tó, a máa ń rò pé á tètè parí, bí irú rẹ̀ tiẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa rí. Má bá wọn jiyàn, má sì ṣàlàyé púpọ̀, torí gbogbo àlàyé tí o bá ṣe ni wọ́n á rí èsì fún. Sọ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o dúpẹ́, kí o dìde.

Ti akọrin le jù, torí iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n ń pè é. Bẹ ọ̀gá akọrin pé kí o máa wá sí ìdánrawò Sátidé nìkan, kí o sì máa kọrin lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Bí ó bá ní, “Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ,” ṣe àmín tó dún, kí o sì tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀.

Ní ti orí fífọ́: ibà tí a lo oògùn fún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbà pé ibà ni. Lọ sí kílíńìkì, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ọ níka, èsì á jáde kí o tó mu omi tán. Ẹni ọdún méjìdínlógún sí márùndínlọ́gbọ̀n nílò oorun wákàtí méje sí mẹ́sàn-án, ìwọ ń sun mẹ́rin àti ààbọ̀. Ohun mímu inú agolo tí ò ń mu láti fi lajú, oorun tó yẹ kí o sùn lóru ló ń jí gbé láti fi san ti ọ̀sán. Oorun náà ni ọpọlọ fi ń to ohun tí a kà pamọ́, nítorí náà ẹni tó kàwé mọ́jú fún ìdánwò dà bí ẹni tó kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tí kò rí kọ́kọ́rọ́.

Orin tí kò dùn lẹ́nu rẹ mọ́ ló kọ mí lóminú ju CGPA lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ti jẹ tán, nǹkan mẹ́ta là ń wò lára rẹ̀: ó rẹ̀ ẹ́ tí oorun ò tán an, ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ń rí i lára, ó sì ń rò pé òun ò wúlò. O ti kọ méjì àkọ́kọ́ sí mi, ìkẹta sì wà nínú ìbéèrè tó kẹ́yìn lẹ́tà rẹ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí o ti gbé ẹrù náà sílẹ̀ tí inú rẹ ò sì dùn, tí o ń sunkún láìnídìí, tí o ò lè jẹun, lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ tàbí dókítà. Bí ọkàn rẹ bá tiẹ̀ dé ibi pé ayé ti sú ọ, má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, sọ fún ẹni tó sún mọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an kó tẹ̀lé ọ lọ.

Màmá rẹ ló kù. Sọ fún un kí ẹlòmíràn tó sọ fún un, má sì ṣe é lórí fóònù. Kọ 4.20, 2.80 àti 3.73 sórí bébà kan, àti ohun tí o ti fi sílẹ̀ àti ọjọ́ tí o fi í sílẹ̀. Ìyá tó rí i pé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe kì í pariwo pẹ́. Wọ mọ́tò Ìyàrà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o ń lọ sílé, ẹnìkan á pè ọ́ pé kí o kàn yà ní Kàbà kí o bá ẹgbẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà yẹn. Sọ fún un pé akápò tuntun ni kó pè.